Apá Oko Tí A Kò Fọ́n Oògùn Sí

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù karùn-ún

Wọ́n ti dé. Àárọ̀ yìí ni mo rí wọn, ní poro kẹta láti ẹ̀bá ọ̀nà. Mo ṣí ọ̀mùnú àgbàdo kan wò, kòkòrò náà ká jọ síbẹ̀ bí ẹni tó jogún ilé bàbá rẹ̀. Ewé ti di ajere. Ìgbẹ́ rẹ̀ rí bí èérún igi tí ayùn gé. Mo ṣí èkejì. Ìkẹta. Nígbà tí mo ṣí ìkẹwàá, mo dá ọwọ́ dúró.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi di ṣọ́ọ̀kì mú níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọdún keje rèé tí mo di ọkọ́ mú. Kò sí ọmọ iléèwé tó yọ mí lẹ́nu tó kòkòrò yìí.

Léṣìí, wọ́n jẹ ìdajì oko gbogbo ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa. Àgbàdo ẹgbẹ́ yìí ló ń wọ inú ìkòkò iléèwé, òun náà ni wọ́n ń sè fún àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́yìn ọjà. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún yìí, ìkòkò iléèwé sọ̀ kalẹ̀ lórí iná, kò sì tíì padà gorí rẹ̀. Mo yà síbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Aago mọ́kànlá, àwọn ọmọ ti forí lé tábìlì. Ẹni tó bá ti ṣe tíṣà rí mọ̀ pé oorun ọ̀lẹ yàtọ̀ sí oorun ebi.

Mi ò tíì sọ fún Adájọ́. (Ìyàwó mi ni Adájọ́. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti láyà láti pè é bẹ́ẹ̀.)

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6

Ìpàdé ẹgbẹ́ ní yàrá ìkẹ́rùsí. Àrá ló darí rẹ̀ — alága wa ni mò ń pè bẹ́ẹ̀, nítorí tó bá sọ̀rọ̀, páànù òrùlé á dáhùn. Ó ní kí gbogbo wa fọ́n oògùn líle, èyí tí wọ́n ya agbárí òkú sára agolo rẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo ní ṣebí a fọ́n ọn léṣìí? Ó ní a ò fọ́n ọn tó ni.

Lẹ́yìn náà ó ka lẹ́tà kan. Olùkọ́ kan ní yunifásítì, ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, fẹ́ wá bá wa sọ̀rọ̀ nípa kòkòrò àgbàdo. Ẹ̀rín sọ. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, àwọn kan wá láti ibòmíràn, wọ́n bu erùpẹ̀ wa sínú ọ̀rá, wọ́n yà wá ní fọ́tò, wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Títí di òní. Ẹnì kan ní bóyá wọ́n ṣì ń ka erùpẹ̀ náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Àrá ní: "Ẹ jẹ́ ó wá. Ọ̀rọ̀ kì í kúkú jẹ àgbàdo."

Ọjọ́rú, 7

Adájọ́ ti mọ̀. Ó ti lọ soko kí n tó jí. Ó gbé ewé kan tó ti di ajere sẹ́bàá oúnjẹ mi.

Ọjọ́bọ̀, 8

Ó wá. Obìnrin kan tó ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún, bàtà rọ́bà dé orúnkún, ìwé pélébé kan lábẹ́ apá. Dókítà ni wọ́n ń pè é. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tẹ̀ lé e. A gbé àga fún un, kò jókòó. Ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ rí oko. Oko mi ló sún mọ́ ibẹ̀ jù. Ó wọ àárín àgbàdo, ó yí ewé padà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì bi mí pé:

"Kí ló fà á tó jẹ́ pé ebè yìí ni wọ́n jẹ jù?"

Orí mi wú. Mo mọ ohùn yẹn! Kílófàá! Ọmọ kíláàsì kẹrin mi, ọmọ tó máa ń nawọ́ sókè kí n tó parí ọ̀rọ̀. Kí ló fà á tí omi fi ń gun orí igi? Kí ló fà á tí eèrà kì í fi í ṣìnà? Lọ́jọ́ kan ó bi mí ní irú rẹ̀ márùn-ún láàárín wákàtí kan. Mi ò mọ ìdáhùn kan ṣoṣo nínú wọn, ni mo bá ní kó lọ kúnlẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì.

Òun náà dá mi mọ̀. "Ọ̀gá Tíṣà! Ẹ̀yin rèé!" Ó ti kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Mo ní kó dìde, kíákíá, ojú ń tì mí. Mo fẹ́ sọ pé "ìwọ nìyí?" Ẹnu mi sọ pé "ẹ̀yin nìyí?"

Ní yàrá ìkẹ́rùsí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò gùn. Ó ní òun ti ń ṣiṣẹ́ lórí oògùn kan fún ọdún mẹ́fà, ewé kíkorò tí wọ́n ń sè. Ó ní ó ń pa kòkòrò nínú ilé gíláàsì yunifásítì. "Ṣùgbọ́n ilé gíláàsì kì í ṣe oko. Mi ò mọ̀ bóyá á ṣiṣẹ́ níbí. Ẹ jẹ́ ká jọ wádìí ẹ̀."

Mi ò rí onímọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú "mi ò mọ̀" rí.

Ó fẹ́ oko kan, kí a pín in sí mẹ́ta. Apá kan, oògùn ewé. Apá kan, oògùn líle. Apá kẹta, láìsí nǹkan kan rárá.

Àrá ní: "Láìsí nǹkan kan rárá kẹ̀? Ká gbé oúnjẹ sílẹ̀, ká wá ní kí kòkòrò máa bọ̀ wá jẹun?"

Ó ní: "Bàbá, tí a ò bá ní ibi tí a ò ti ṣe nǹkan kan, báwo la ṣe máa mọ̀ pé ohun tí a ṣe níbòmíì ló ṣiṣẹ́?"

Ta ló máa fi oko rẹ̀ sílẹ̀? Olúkúlùkù ń wo bàtà rẹ̀. Mo rí ọwọ́ kan tó nà sókè. Ọwọ́ mi ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 9

Adájọ́ dá ẹjọ́ lónìí. Ó dúró, èmi jókòó, bó ṣe yẹ.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ ti fẹ̀yìn tì. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ ti fẹ̀yìn tì? Kí ló wá dé tí ẹ fi fẹ́ sọ oko wa di pátákó ìkọ̀wé?"

Mo ní ọmọ tí mo kọ́ ni. Ó ní òun náà ti kọ́ ọmọ, márùn-ún ni òun bí, kò sí èyí tó ní kí òun fi oúnjẹ bọ́ kòkòrò. Òótọ́ ló kúkú sọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10

A fi okùn wọn oko náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ri igi mọ́lẹ̀, wọ́n so aṣọ mọ́ ọn: pupa fún oògùn líle, aṣọ aláwọ̀ aró fún oògùn ewé, funfun fún ibi tí a ò ní fọwọ́ kàn. Mo rò pé Kílófàá ló máa yan ibi tí kálukú máa wà. Rárá o. Ó kọ ọ́ sí bébà mẹ́ta, ó ká wọn, ó ní kí Àrá gbé fìlà rẹ̀ wá, kí Àrá fúnra rẹ̀ sì máa mú wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. "Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo yan ilẹ̀ ọlọ́ràá fún oògùn ara mi."

Funfun bọ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà, níbi tí ilẹ̀ mi ti dára jù. Àrá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Adájọ́ ò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ajé, 12

Kíkà àkọ́kọ́. Ọgọ́rùn-ún àgbàdo ní apá kọ̀ọ̀kan, a ń wo ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ bóyá wọ́n ti jẹ ẹ́. Pupa mẹ́rìnlélógún. Aró mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Funfun márùndínlọ́gbọ̀n. Ọgbọọgba, kí a kàn sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n fọ́n oògùn sí pupa, wọ́n fọ́n ewé sí aró. Wọ́n rìn kọjá funfun bí ẹni tí kò rí i.

Kílófàá ló pọn táńkì oògùn fúnra rẹ̀. Mo ní kí ó gbé e fún akẹ́kọ̀ọ́. Ó ní tí òun kò bá pọ̀n ọ́n, òun ò ní mọ bó ṣe wúwo tó lẹ́yìn àgbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 18

Pupa mẹ́sàn-án. Aró mẹ́tàdínlógún. Funfun mọ́kànlélógójì. Mi ò lè wo Adájọ́ lójú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20

Mo lọ sí yunifásítì. Kílófàá ló ránṣẹ́ pè mí, ó ní òun rí nǹkan kan lára ewé tí wọ́n já ní apá funfun.

Mo wọ ẹ̀wù tí mo fi fẹ̀yìn tì. Mi ò mọ ohun tí mo ń retí — bóyá àga tó ń yí po, bóyá kápẹ́ẹ̀tì. Yàrá tóóró kan ni. Ewé gbígbẹ nínú àpò títí dé òkè àjà, ìgò lórí ìgò, ọdún tí wọ́n kó wọn wà lára gbogbo wọn. Ọdún mẹ́fà gbáko lórí pákó. Òórùn rẹ̀ korò débi pé ó dé ahọ́n mi. Kápẹ́ẹ̀tì kọ́, ẹrẹ̀ oko mi ló wà nílẹ̀, mo dá àwọ̀ rẹ̀ mọ̀.

Ó ní kí n fi ojú lé ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Mo rí ẹyin àfòpiná, àfòpiná tó ń bí kòkòrò wa. Ẹyin méjìlá, wọ́n gbara jọ bí ilẹ̀kẹ̀. Mo ń wò ó lọ́wọ́ ni ọ̀kan lù. Nǹkan kan yọ orí. Mo ń retí kòkòrò. Kì í ṣe kòkòrò. Agbọ́n ni! Agbọ́n tó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ó ní ìyẹ́, ó nu ojú rẹ̀ nù bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ó fò lọ.

"Ìyá agbọ́n ló wọ inú ẹyin àfòpiná lọ yé tirẹ̀ sí," ni Kílófàá wí. "Ọmọ agbọ́n á jẹ ọmọ àfòpiná kó tó di kòkòrò. Ẹyin méjìlá yẹn, mẹ́sàn-án ló ti di agbọ́n. Apá funfun ni wọ́n ti wá. Mi ò rí ẹyọ kan ní apá pupa."

Mo ní ta ló kó wọn wá? Ó ní kò sẹ́ni tó kó wọn wá. Wọ́n ti wà lóko mi láti ọjọ́ yìí. Oògùn líle ló ń pa wọ́n kí iṣẹ́ wọn tó hàn.

Mo padà fi ojú lé ẹ̀rọ náà. Mo pẹ́ níbẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin, mo ń pariwo "ẹ wò ó, òmíràn tún ti jáde!"

Nígbà tí a ń mu omi, mo sọ ọ́. Mo ní Dókítà, mo ní kí ẹ kúnlẹ̀ lọ́jọ́ kan nítorí ìbéèrè. Ó rántí. Ó ní ibi tí òun kúnlẹ̀ sí lẹ́yìn kíláàsì, òun rí aláǹtakùn kan tó ń hun ilé rẹ̀, òun wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní òun ì bá má rí i ká ní òun jókòó. Ó rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ó fi ọ̀rọ̀ náà tù mí nínú ni. Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Mo bi í bóyá àwọn agbọ́n náà á tó láti gba oko wa là. Ó ní òun ò mọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24

Pupa márùndínlógún — ó ń gòkè. Aró mẹ́rìndínlógún. Funfun mẹ́rìndínlógójì — ó ń sọ̀ kalẹ̀, díẹ̀díẹ̀.

Òjò dá akẹ́kọ̀ọ́ méjì dúró lọ́nà, ọwọ́ ò tó. Adájọ́ tó wá gbé omi fún wa ní òun lè kà. Ó kà. Ó rí ẹyin méjì tí akẹ́kọ̀ọ́ ti fojú fò. Kílófàá ní kó wá fi han gbogbo wọn bó ṣe ń yí ewé. Adájọ́ mi, níwájú àwọn ọmọ yunifásítì, ó ń sọ pé, "Ẹ má fà á. Ẹ gbé e bí ìgbà tí ẹ ń gbé ìpéǹpéjú ọmọ tuntun." Wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀!

Ní ilé, ó bi mí bí àwọn agbọ́n ṣe rí nínú ẹ̀rọ. Mo sọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́rú, 28

Ìjà lóko. Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Mo wà nílé, ẹ̀yìn ń dùn mí. Adájọ́ nìkan ló lọ. Ó bá Àrá lẹ́nu ọ̀nà oko wa, táńkì ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, ó kún. Oko Àrá fara kan apá funfun. Ó ní kòkòrò wa ló ń rìn wọ oko òun, òun ti ní sùúrù tó, òun máa fọ́n apá funfun náà ká lè sinmi.

Adájọ́ rìn wọ àárín poro, ó dúró. Ó ní: "Alága, tí ẹ bá máa fọ́n ọn, èmi ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀."

Àrá ní: "Ìyá, ẹ kúrò lọ́nà. Ṣebí ẹ̀yin gan-an lẹ bínú jù nígbà tí Tíṣà gbà á."

Ó ní: "Mo bínú. Mo ṣì ń bínú. Ṣùgbọ́n mo ti fi ọwọ́ mi ka àgbàdo yìí, iye rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, mo fẹ́ mọ ibi tó máa parí sí. Ẹ̀yin náà, ṣé ẹ ò fẹ́ mọ̀ ni?"

Aládùúgbò oko tó rí wọn ló sọ ọ́ fún mi. Ó ní Àrá wo Adájọ́, ó wo àgbàdo, táńkì ń jò sí i lẹ́yìn. Ó yí padà, ó lọ.

Nígbà tí Adájọ́ délé, gbogbo ohun tó sọ ni pé Alága kí mi.

Ọjọ́bọ̀, 5 oṣù kẹfà

Pupa mẹ́tàlélọ́gbọ̀n! Aró mẹ́rìnlá. Funfun mọ́kàndínlógún. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Adájọ́ ní kí n yé ka ohun tí òun ti kà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14

Kíkà ìkẹyìn. Àgbàdo ti yọ irun. Pupa méjìdínlógójì. Aró mọ́kànlá. Funfun mẹ́tàlá.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fò sókè. Adájọ́ ń jó díẹ̀, níbi tó rò pé mi ò rí i. Kílófàá nìkan ni kò yọ̀. Ó jókòó sórí ebè, ìwé náà lórí itan rẹ̀, ó ń wo ìlà méjì tó kẹ́yìn.

Ó yé mi nígbà tó yá. Mọ́kànlá àti mẹ́tàlá. Àgbàdo méjì péré nínú ọgọ́rùn-ún ni oògùn ewé fi dára ju ibi tí a ò fọ́n nǹkan kan sí lọ. Ọdún mẹ́fà. Àpò títí dé òkè àjà.

Mo jókòó tì í. Mo sọ ohun kan tí mi ò ní fẹ́ kí ẹlòmíì gbọ́. Mo ní: "Mọ́kànlá ló kéré jù. Oògùn yín ló ṣe ipò kìíní. Tí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, irọ́ kọ́."

Ó wò mí. Kò bínú. "Ọ̀gá Tíṣà, tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ìyá á máa lọ já ewé. Wọ́n á máa gún un, wọ́n á máa sè é, wọ́n á máa pọ̀n ọ́n sẹ́yìn káàkiri oko. Nítorí àgbàdo méjì."

Lẹ́yìn náà ó béèrè omi. Ó mu ún tán. Mo ti rí ọmọ tó gba ẹ̀bùn, mo ti rí ọmọ tó yege ìdánwò. Mi ò tíì rí ẹnikẹ́ni tó wú mi lórí tó ọmọ yìí, níbi tó jókòó sí lórí ebè yẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17

Yàrá ìkẹ́rùsí kún, àwọn kan dúró sẹ́nu fèrèsé. Ọ̀gá iléèwé wá. Obìnrin tó ń se oúnjẹ iléèwé wá. Ọ̀gá Kílófàá wá láti yunifásítì, ọkùnrin arúgbó kan tó ní ìgò méjì lójú. Mo rò pé ó ti burú tó pé àwọn àgbẹ̀ máa gbọ́ pé oògùn rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ tó. Iwájú ọ̀gá rẹ̀ náà ló tún ti máa sọ ọ́.

Ó kọ iye mẹ́ta náà gàdàgbà sára ògiri pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì. Ó dúró tì wọ́n.

Ó ní oògùn líle dára fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ó pa àwọn tó ń bá wa ṣọ́ oko, kòkòrò wá padà bá ilé tí kò sí olùṣọ́. Ó sọ nípa agbọ́n. Adájọ́ gbé ìgò tí wọ́n wà nínú rẹ̀ káàkiri, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ òun.

Lẹ́yìn náà ni Kílófàá ní: "Oògùn ewé tí mo gbé wá, ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe é. Kò ṣiṣẹ́ tó bí mo ṣe rò. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu láti sè é. Ibi tí a ò ti fọ́n nǹkan kan dára tó ibi tí mo fọ́n tèmi sí, ó ku díẹ̀ báyìí. Ẹ máa rìn nínú oko yín lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ máa yí ewé, ẹ máa pa èyí tí ẹ bá rí, ẹ fi ẹyin tó ti dúdú sílẹ̀, agbọ́n ló wà nínú ẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa á máa wá bá yín rìn ní gbogbo àsìkò ọ̀gbìn. Ohun tí mo ní nìyẹn."

Ọ̀gá rẹ̀ bọ́ ìgò ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

Àrá dìde. Mo mọ iye tó wà lóko tirẹ̀. Adájọ́ ti dúró lẹ́bàá ọ̀nà kà á, mẹ́rìnlélógójì. Mo rò pé ìjà ló dé.

Ó ní: "Ọdún méjìlá ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gbé oògùn wá bá wa. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ fún mi rí pé tòun ò ṣiṣẹ́ tó." Ó bọ́ fìlà rẹ̀. "Dókítà, oko tèmi lẹ máa lò ní àsìkò tó ń bọ̀. Gbogbo ẹ̀. Ẹ pín in bó ṣe wù yín. Ẹ má wulẹ̀ bi mí."

Kílófàá yíjú sí ògiri bí ẹni tó fẹ́ nu ṣọ́ọ̀kì nù, ṣùgbọ́n kò nu nǹkan kan. Èjìká rẹ̀ ń mì. Ọ̀gá rẹ̀ dìde lọ dúró tì í.

Wọ́n wá Àrá kó wá kádìí ìpàdé, wọn ò rí i. Oko mi ni a ti bá a, ní apá funfun, tòun tàgbàdá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń gbé ewé àgbàdo sókè pẹ̀lú ìka méjì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní òun ti rí ẹyin mẹ́ta tó dúdú, ojú òun ni kò dá èyí tó kù mọ̀. Kí ẹnì kan bá òun pe Dókítà wá.